Orin "Band on the Run": Àpápá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ta ló mọ ìtàn náà dáadáa?

ÀkànníÀwo
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alẹ́ àná ni mo gbé àwo Band on the Run lé ẹ̀rọ, èyí tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ ẹ̀, Wings, gbé jáde lóṣù Kejìlá 1973. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ orin àkọ́kọ́ tán, ó ní "Dádì, orin mélòó leléyìí?" Mo ní ẹyọ kan ni. Ó ní rárá o, mẹ́ta lòun gbọ́.

Ọmọ náà ò jẹ̀bi. Orin yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tó ń kọ ọ́ wà láàárín ògiri mẹ́rin, àárò àwọn èèyàn ẹ̀ ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà gìtá yí ohùn padà, ó le sí i, onítọ̀hún wá ń ronú ohun tóun máa ṣe bóun bá lè jáde níbẹ̀. Nígbà tó bá fi máa tó bí ìṣẹ́jú méjì, àwọn onígòjé òyìnbó á ya wọlé gììrì bí ìgbà tí ògiri bá wó lulẹ̀, gìtá onígi á gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti jáde nìyẹn, òjò ń rọ̀, wọ́n ń sá lọ, adájọ́ ń wá wọn, kò sì rí wọn mú títí orin fi parí.

Mo wá sọ fún un pé Àpápá, ní Wharf Road, ni wọ́n ti gba apá méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ìyẹn ni mo fi ní kí n gbé e wá síbí.

Ṣọlá99
Ẹ̀gbọ́n, Àpápá wo? Àpápá tí tírélà kún yìí? Paul McCartney ti Beatles? Kí ló wá wá níbẹ̀?

ÀkànníÀwo
Òun gan-an, àbúrò. EMI ló ń gbé àwo ẹ̀ jáde nígbà yẹn, EMI sì ní sítúdíò káàkiri ayé. London ti sú u, ó ní kí wọ́n fi orúkọ gbogbo ibi tí sítúdíò wọn wà ránṣẹ́ sóun, bó ṣe rí Èkó ló mú Èkó. Ó rò pé oòrùn á máa ràn, àwọn á máa gbafẹ́ létí òkun lọ́sàn-án, àwọn á máa ṣiṣẹ́ lálẹ́. Oṣù Kẹjọ ló wá! Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe máa ń rí l'Ékòó.

Kó tó kúrò ní London gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Henry McCullough tó ń ta gìtá fún wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tó wá ku ọ̀la kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú, Denny Seiwell onílù pè é pé òun náà ò lọ mọ́. Ó wá ku Paul, Linda ìyàwó ẹ̀, Denny Laine onígìtá, àti Geoff Emerick tó máa bá wọn bójú tó ẹ̀rọ, ẹni tó ti bá Beatles ṣiṣẹ́ ní Abbey Road. Wọ́n kó àwọn ọmọ dání, wọ́n wá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Wharf Road, ẹ̀rọ tíráàkì 8 ni wọ́n bá, ohùn mẹ́jọ péré ló lè gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò rí yàrá kékeré tí olórin máa ń dá dúró sí kí ohùn má bàa da pọ̀ mọ́ ìlù, inú páálí kan ni wọ́n kó àwọn makirofóònù sí. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ àwo sì wà lẹ́yìn sítúdíò níbẹ̀. Paul fúnra ẹ̀ ló jókòó sídìí ìlù, òun náà ló ta báàsì, òun náà ló ta púpọ̀ nínú gìtá. Ìlù tí ẹ ń gbọ́ nínú orin yẹn, òun ló lù ú.

GìtáṢọ́ọ̀ṣì
Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ ìlù yẹn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò ṣe àṣehàn rárá, kò da ọ̀pá sókè da ọ̀pá sílẹ̀, ó kàn ń lọ tààrà bí ẹni tó mọ ibi tí orin ń lọ torí pé òun ló kọ ọ́. Onílù tó mọṣẹ́ jù ú lọ lè má lù ú bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á máa yún un láti fi nǹkan kún un.

Mo tún máa ń fi apá kẹta orin yìí kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú gìtá, torí kọ́ọ̀dù méjì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, C àti F major 7. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ di C mú, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ò ní kúrò níbi tó wà, àwọn ìka méjì tó kù á kàn sọ̀ kalẹ̀ sórí okùn tó kàn, ó parí. Ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń dùn ún látàrí wáyà gìtá á rí i pé òun ti ń ta orin gidi. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé Àpápá wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ o, lọ́jọ́ Sátidé mo máa sọ fún wọn.

ÌyáṢadé_Hounslow
GìtáṢọ́ọ̀ṣì, ẹ má tíì sọ fún wọn, torí apá kẹta tí ẹ fi ń kọ́ wọn yẹn gan-an kọ́ ni wọ́n ṣe l'Ékòó. Apá kìíní àti ìkejì ni tÀpápá. Ìgbà tí wọ́n padà dé London ni wọ́n gba ìkẹta sílẹ̀, ní sítúdíò AIR, lóṣù Kẹwàá 1973, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi àwọn onígòjé kún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe mí bákan tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ibi tó wà látìmọ́lé nínú orin, Èkó ni. Ibi tó ti jáde, ó ti délé.

Ẹni tó kọ orin fún àwọn onígòjé yẹn ni Tony Visconti. Orúkọ ẹ̀ ò sí lára àwo nígbà tó jáde o, títí di 1999 tí wọ́n tún un tẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún 25. Ẹ fojú inú wò ó, ibi tó dùn jù nínú orin, iṣẹ́ ẹ ni, ó sì fi bí ọdún 25 wà láìlórúkọ.

Ní 2024 wọ́n gbé òmíràn jáde tí wọ́n yọ gbogbo gòjé àti fèrè kúrò nínú ẹ̀. Mo rà á. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ara orin náà sì le ju bí mo ṣe rò lọ, èèyàn mẹ́ta péré àti òógùn wọn lo máa gbọ́.

ỌmọMúṣìn
Ẹ jẹ́ n bọ́ sí i, torí mò ń retí kẹ́nì kan dárúkọ Fela, ẹ ò dárúkọ ẹ̀.

Fela sọ nígbà yẹn pé Paul wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì lọ bá a ní sítúdíò lójúkojú. Gbogbo òyìnbó tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ ọ́ bíi pé Fela kàn ń bínú lásán ni. Kò bínú lásán o! Àwọn èèyàn wa ti rí i látìgbà yìí wá, ẹlòmíì á wá, á gbọ́, á lọ, owó á wọlé fún un, ẹni tó ni orin á wà níbi tó wà. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mi ò rò pé ó ṣì sọ.

ÀkànníÀwo
ỌmọMúṣìn, mo gba ọ̀rọ̀ ẹ, àmọ́ jẹ́ ká parí ìtàn náà. Nígbà tí Fela dé ibẹ̀, Paul fi ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sí i létí. Fela gbọ́ ọ, ó rí i pé kò sóhun tó jọ afrobeat níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Mo ti gbọ́ àwo yẹn láìmọye ìgbà, mo wá a kiri, mi ò rí ìlù wa kan níbẹ̀. Paul fúnra ẹ̀ lọ wo Fela ní Shrine, ó sì ti sọ ọ́ léraléra pé nígbà tí báńdì náà bẹ̀rẹ̀, ẹkún lòun sun, pé òun ò gbọ́ báńdì tó dà bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Nǹkan kan tún wà. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1971, Fela àti Ginger Baker, onílù òyìnbó yẹn, lọ sí Abbey Road, wọ́n sì gba àwo Live! sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní Fela wá jí orin òyìnbó. Ẹni tó wá sí sítúdíò wa àti ẹni tó lọ sí tiwọn, kí ló yàtọ̀?

ỌmọMúṣìn
Ó yàtọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Abbey Road, ti EMI ni. Wharf Road, ti EMI náà ni. Paul ò kúrò nílé. Fela ló ń ṣàlejò nílé méjèèjì, kódà èyí tó wà ní Àpápá.

ÀkànníÀwo
Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. O ti bá mi wí. Mi ò rò ó débẹ̀ yẹn rí.

Ṣọlá99
Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n jà wọ́n lólè? Mo kà á níbì kan.

ÌyáṢadé_Hounslow
Òótọ́ ni. Paul àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn lọ lálẹ́, wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má rìn. Mọ́tò kan dúró, àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, Linda ń pariwo pé kí wọ́n má pa ọkọ òun, olórin ni. Wọ́n gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan kásẹ́ẹ̀tì tí Paul kọ àwọn orin tuntun náà sí àti ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sí. Ẹ rò ó wò, gbogbo àwo náà lódindi ni wọ́n gbé lọ. Orí ló kù tí wọ́n á fi rántí ẹ̀. Paul ní ó ṣeé ṣe káwọn olè yẹn ti gba nǹkan míì lé kásẹ́ẹ̀tì náà.

Kò tíì pẹ́ sígbà yẹn ni èémí tún há a mọ́ra ní sítúdíò. Ó jáde síta kó lè rí afẹ́fẹ́, ooru kọlù ú, ó ṣubú lulẹ̀. Linda rò pé ó ti kú. Dókítà ní sìgá ló pọ̀ jù.

BàbáÀpápá
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ní 1973 mo jẹ́ ọmọ ọdún 19, akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù ní Wharf Road. Mi ò rí Paul, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo lè sọ fún yín bí ìlú ṣe rí. January ọdún yẹn ni náírà jáde, àwọn ìyá olóúnjẹ ṣì ń fi pọ́n-ùn àti ṣílè dá iye lé oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá fún wọn ní náírà, wọ́n á kọ́kọ́ ro ó lọ sí ṣílè kí wọ́n tó fún yín ní ṣéńjì. Ọdún tó ṣáájú ẹ̀ ni ìjọba ní ká máa wa mọ́tò lápá ọ̀tún, àwọn dẹ́rẹ́bà kan ò tíì mọ́wọ́ ara wọn. Gowon ló wà lórí oyè. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn, adigunjalè pọ̀. Ní 1971 ni wọ́n yìnbọn fún Oyènúsì ní Bar Beach lójú gbogbo ayé, èrò pọ̀ bíi ti ọdún. Olè tó bá jà yín lólè nígbà yẹn mọ̀ pé tí wọ́n bá mú òun, ikú ni. Irú olè bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kẹ́ni tóun jà lólè wà láàyè láti dá òun mọ̀. Orí bá àwọn tọkọtaya yẹn ṣé.

Ohun tí mo rí lójú ara mi ni àwọn olórin tiwa. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá níwájú sítúdíò yẹn, ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé gìtá dání, irun wọn rí rogodo, ṣòkòtò wọn gbòòrò nísàlẹ̀, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ta!

GìtáṢọ́ọ̀ṣì
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdún 1973 yẹn náà ni ẹgbẹ́ BLO gbé àwo Chapter One jáde lábẹ́ EMI ti Nàìjíríà, Berkley Jones, Láolú Akins àti Odùmósù. Ẹ gbọ́ gìtá inú ẹ̀, ẹ wá sọ fún mi pé kì í ṣe rọ́ọ̀kì gidi. Ọdún kan ṣáájú ni ẹgbẹ́ MonoMono ti Joni Haastrup ṣe Give the Beggar a Chance. Ọdún 1973 náà ni ẹgbẹ́ Ofege ṣe Try and Love, ọmọ iléèwé ni wọ́n o, St. Gregory's ní Obáléndé, Odion Iruoje ló darí wọn. Ọmọ iléèwé! Tí àwọn èèyàn bá ní Paul McCartney wá sí Èkó, ṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé inú igbó ló wá, pé kò síbi kankan táwọn èèyàn ti ń ta gìtá. Ìlú tí rọ́ọ̀kì ti ń hó ló wọ̀.

ÀkànníÀwo
Ẹ ṣeun gan-an. Ginger Baker pàápàá ti dá sítúdíò tiẹ̀ sílẹ̀ n'Ìkẹjà, ARC, lọ́dún 1973 yẹn kan náà. Ó fẹ́ kí Paul wá ṣe gbogbo àwo náà lọ́dọ̀ òun. Paul fi ọjọ́ kan lọ síbẹ̀ kí ìjà má bàa wà, wọ́n ṣe orin Picasso's Last Words níbẹ̀, Ginger fúnra ẹ̀ bá wọn mi agolo tí wọ́n bu òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú àwo náà o, Rẹ̀mí Kabaka, òun ló lu ìlù ọwọ́ nínú Bluebird. Àmọ́ London ló ti lù ú, kì í ṣe Èkó. Wọ́n lo oṣù kan àti ààbọ̀ l'Ékòó láìfi ọwọ́ olórin wa kan kún un, ìgbà tí wọ́n padà sílé ni wọ́n wá rí ọmọ Nàìjíríà pè.

ỌmọMúṣìn
Bóyá torí ohun tí Fela sọ ni. Bóyá ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ṣọlá99
Mo ti lọ gbọ́ ọ o. Lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà àkọ́kọ́ mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ìgbà kejì mo dé ibi tí gòjé ti ya wọlé, ara mi bù máṣọ. Ṣé orin yìí gbajúmọ̀ nígbà yẹn?

ÌyáṢadé_Hounslow
Ó gbajúmọ̀ gan-an. Ní 1974 ni wọ́n mú un jáde lọ́tọ̀, ó gba ipò kìíní l'Amẹ́ríkà lóṣù June, ó gba ipò kẹta níbí, n'Ílùú Ọba. Ó gba Grammy ní 1975, Geoff Emerick náà gba tiẹ̀ fún bó ṣe bójú tó bí wọ́n ṣe gba àwo náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tíráàkì 8 ní Àpápá wà lára ohun tó gbé Grammy yẹn lé e lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn.

Ògiri tí wọ́n dúró sí tí wọ́n ti ya fọ́tò iwájú àwo náà ò jìnnà sílé mi, Osterley Park ni, October 28, 1973. Clive Arrowsmith ló yà á. Wọ́n wọṣọ bí ẹlẹ́wọ̀n tó ń sá lọ, iná tan lù wọ́n lára. Òṣèré Christopher Lee àti James Coburn wà níbẹ̀, John Conteh ajẹ̀ṣẹ́ náà wà níbẹ̀, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Sierra Leone, ọdún tó tẹ̀lé e ló gba bẹ́líìtì àgbáyé. Mo máa ń mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lọ ṣeré. Mo ti fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀ rí.

ÀkànníÀwo
Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn nìyí, ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá gan-an. Ìyá Ṣadé lè fọwọ́ kan ògiri níbi tí wọ́n ti ya fọ́tò lásán, torí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Orúkọ ẹni tó yà á wà. Visconti tí wọ́n gbàgbé, wọ́n padà kọ ọ́ ní 1999. Àmọ́ àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn ní Wharf Road, tó ń tan ẹ̀rọ, tó ń so wáyà, tó ń gbé téèpù lé e, tó dúró di òru pẹ̀lú wọn, gbogbo ibi tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, "àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀" ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn kan náà ló bá Fela ṣiṣẹ́, tó bá Ofege ṣiṣẹ́. Ó dùn mí. Mi ò bá Paul jà, mo fẹ́ràn orin yẹn dọ́kàn. Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ wọn. Bàbá Àpápá, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà yẹn?

BàbáÀpápá
Ọmọ mi, mo rí ìbéèrè ẹ lánàá, mi ò lè dáhùn, mo ní kí n sùn lé e.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń bá wọn so wáyà níbẹ̀. Yàrá kan là ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Lóṣù August yẹn, ilẹ̀ á ti ṣú gan-an kó tó wọlé, mo máa ń bo oúnjẹ ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un. Kò sọ pé Beatles ló wá. Iṣẹ́ ni lójú tiẹ̀, ó ní àwọn òyìnbó kan ni, wọn kì í tètè lọ sílé. Nígbà tí orin yẹn ń dún lórí rédíò ní 1974, àwa méjèèjì jókòó, ó kàn na ìka sí rédíò, ó ní "Mo mọ èyí." Mo rò pé ó ní òun ti gbọ́ ọ rí ni. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ló tó yé mi.

Ó ti kú. Ọmọ ẹ̀ obìnrin wà n'Íjẹ̀bú, mo ní nọ́ńbà ẹ̀. Mo ti pè é láàárọ̀ yìí, ó ní àpótí bàbá òun ṣì wà nínú ilé, òun ò tíì ṣí i. Ó ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní kọ orúkọ bàbá ẹ̀ síbí títí òun fúnra ẹ̀ á fi ní kí n kọ ọ́.